Jíìpù Méjì, Owó Kan Náà: Èwo Ni Kí A Rà?

Ìbéèrè kan ti New Haven ní ìlú Enugu tọ̀ wá wá, a sì rí i pé kì í ṣe ìbéèrè tí a lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo dáhùn kí a sì dákẹ́. Tọkọtaya kan, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kí iṣẹ́ tó gbé wọn lọ sí ìlú èédú, fẹ́ ra jíìpù. Owó àjọ wọn ti pé. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ ní Jos ti fi tiwọn kún un, nítorí pé mọ́tò náà ni yóò máa gbé ìyá wọn lọ sílé lọ́dọọdún. Ọkọ fẹ́ Toyota RAV4. Aya fẹ́ Honda CR-V. Iye tí àwọn tí ń tà á ń pè fún méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà owó kò lè bá wọn parí ìjà. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ bá àwọn dá a.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni èyí, kí a má ti ẹnu bọ̀ ọ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Owó tí wọ́n fẹ́ ná yìí, owó ẹbí mẹ́ta ni. Ọ̀nà tí mọ́tò náà yóò máa rìn, ọ̀nà tí gbogbo wa ń rìn ni. Ohun tí ó kan New Haven lónìí yóò kan Sábóngàrì lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a jókòó kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí a má fi èrò wa pamọ́. Bí iye mọ́tò méjì bá dọ́gba, owó ti kúrò lórí òṣùwọ̀n nìyẹn. Ohun tí ó kù láti wọ̀n ni ẹ̀mí àwọn tí yóò jókòó sínú rẹ̀, ìnáwó tí yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí a bá ti rà á tán, àti ìtàn ìgbésí ayé mọ́tò náà gan-an tí a na ọwọ́ sí. Orúkọ tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni a sì fi ń parí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. RAV4 jáde ní ọdún 1994, CR-V sì tẹ̀ lé e ní 1995. Ọmọ Japan ni àwọn méjèèjì. Orí ìpìlẹ̀ mọ́tò kékeré ni wọ́n kọ́ wọn sí, kì í ṣe orí irin lọ́rì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé jíìpù tí a fi ń wọ oko nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n. Èyí tí owó tọkọtaya yìí ká ni RAV4 tí wọ́n ṣe láti 2006 sí 2012, àti CR-V tí wọ́n ṣe láti 2007 sí 2011. Epo bẹntiróòlù ni méjèèjì ń mu. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 ni CR-V ní. RAV4 náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2.4, ó sì di 2.5 ní ọdún 2009. Agbára ẹṣin 166 ni wọ́n ka fún CR-V, ó di 180 ní 2010. 166 ni wọ́n ka fún RAV4 àkọ́kọ́, ó di 179 nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pààrọ̀. Ẹ rí i pé bí ìbejì ni wọ́n rí. Ẹni tí ó bá ń jà nítorí agbára wọn, afẹ́fẹ́ ni ó ń lé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹ̀kọ́ kan tí àwa ará Òkè Ọya mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò ní Kaduna, ọdún náà sì ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Enugu náà kò gbẹ́yìn: ní Emene ni ANAMMCO ti to ọkọ̀ ẹrù Mercedes. Ta ni nínú àwọn àgbà wa tí kò mọ Peugeot 504? Kì í ṣe orúkọ Faransé ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. Ohun tí ó gbé e ni pé kò sí gáréèjì kan láti Kano dé Ìbàdàn tí ẹ kò ti ní rí ọmọ mẹ́káníìkì kan tí ó lè tú u kí ó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí páàtì rẹ̀ di ọ̀wọ́n, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà, iyì rẹ̀ rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irin rẹ̀ kò sì yí padà. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá mọ́tò dára, ẹ béèrè pé: ní ìlú tí à ń gbé, àti ní àwọn ìlú tí a máa gbà kọjá, ta ni ó mọ̀ ọ́n?

Ní Enugu, ìdáhùn kò ṣòro. Ọjà páàtì mọ́tò wà ní Coal Camp, Nnewi tí òkìkí páàtì rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ òkèèrè kò sì jìnnà sí wọn. RAV4 àti CR-V ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kò fi ọkàn sí: ẹbí ni ẹ́ńjìnnì RAV4 àti ti Camry, ẹbí sì ni ẹ́ńjìnnì CR-V àti ti Accord. Ibi tí Camry àti Accord bá wà, páàtì wọn àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀. Síbẹ̀, lójú ọ̀nà jíjìn láàárín Makurdi àti Lafia, tàbí láàárín Mokwa àti Jẹ́bà, Toyota ni ẹ óò kọ́kọ́ rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ọkọ ní òtítọ́ nínú ní ti èyí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ti epo, nítorí ibẹ̀ ni igbe pọ̀ sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ di náírà 488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì di 557 ní Maiduguri. Ẹ kíyè sí i pé bí ọ̀nà ti ń jìn sí òkun ni owó ń gòkè, àwa tí a wà lókè sì ni ó ń wọ̀ lára jù. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá 2024, lítà kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà. Kò yani lẹ́nu pé aya kọ̀wé pé ẹnìkan sọ fún òun pé Honda kì í mu epo, tí ọkọ sì kọ̀wé pé irọ́ ni, Toyota ni kì í mu.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò dá a. Gẹ́gẹ́ bí ìjọba Amẹ́ríkà ti wọ̀n wọ́n, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín RAV4 ẹ́ńjìnnì 2.5 àti CR-V kò ju nǹkan bíi máìlì kan lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan. Méjèèjì ń mu nǹkan bíi lítà mẹ́wàá fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Bí a bá rin ìrìn-àjò 500 kìlómítà, tí a sì ka lítà kan sí ẹgbẹ̀rún náírà kí ìṣirò lè rọrùn, 50,000 náírà ni epo yóò gbà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò sì ní ju 2,000 lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó àti ẹsẹ̀ awakọ̀ tí ó wúwo lè jẹ ju ìyẹn lọ lọ́jọ́ kan. RAV4 kan tún wà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 3.5 oníhò mẹ́fà, agbára ẹṣin 269. Ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ṣùgbọ́n epo tí ó ń mu ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ àti ní àbọ̀. Kí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ mọ níwọ̀n má ṣe tọ́ ọ wò.

Bí epo kò bá lè dá ẹjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì àti gíà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò ti ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì 2.4 tí ó wà nínú RAV4 ti 2006 sí 2008 ní àìsàn kan tí ayé mọ̀: òmíràn nínú wọn a máa jẹ ọ́ìlì. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ dé ibi pé Toyota fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àkókò kún ìdúró tí ó ṣe fún àwọn tí ó ra irú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ lè wọnú rẹ̀ lónìí kí ẹ má rí àléébù kankan, nítorí ẹni tí ń tà á ti rọ ọ́ìlì kún. Lẹ́yìn oṣù kan ni ọ̀pá ìwọ̀n yóò gbẹ, bí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́ sójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì 2.5 tí ó dé ní 2009 kò ní orúkọ burúkú yẹn.

Ní ti CR-V, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára, ó sì ń pẹ́. Ní òwúrọ̀ tí ó bá ti tutù, òmíràn a máa dún kẹrẹkẹrẹ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Ìyẹn ń fi hàn pé páàtì kan lẹ́nu ṣéènì rẹ̀ ti ń kú lọ. Gíà rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ọ́ìlì gíà tí Honda dárúkọ fún un ni ó ń fẹ́. Bí mẹ́káníìkì bá rọ èyí tí ó bá ṣáà ti pupa lójú rẹ̀ sínú rẹ̀, gíà bẹ̀rẹ̀ sí kú díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. RAV4 náà ní ọ́ìlì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ipele mẹ́rin ni gíà RAV4 oníhò mẹ́rin ní, márùn-ún sì ni ti CR-V. Ti mẹ́rin yẹn kò dán lójú bí ti márùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní ohun púpọ̀ nínú kì í ní ohun púpọ̀ tí yóò bàjẹ́.

Aya náà ní òtítọ́ tirẹ̀. Ó kọ̀wé pé CR-V rọrùn fún ìyá àgbà àti fún ẹrù, a sì gbà. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn RAV4 yìí ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìlẹ̀kùn yàrá. Bí ẹlòmíràn bá gbé mọ́tò tirẹ̀ sún mọ́ yín lẹ́yìn, bí ó ti máa ń rí ní Chime Avenue tàbí lẹ́bàá ọjà New Haven, ẹ kò ní lè ṣí i débi tí ẹ óò fi yọ àpò gàrí kan jáde. Ti CR-V ń ṣí sókè. Táyà ìpamọ́ RAV4 sábà máa ń so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níta, olè sì mọ ibẹ̀. Ti CR-V wà nísàlẹ̀ ẹrù, bí táyà bá sì bẹ́ lóru, gbogbo ẹrù ni ẹ óò kọ́kọ́ kó sílẹ̀. RAV4 kan wà tí ó ní ìjókòó kẹta lẹ́yìn fún ọmọdé méjì. Ẹ má ṣe fi àgbàlagbà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ni gbogbo èyí. Ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kì í pa ènìyàn.

Ohun tí ń pa ènìyàn ni a fẹ́ sọ wàyí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi ara balẹ̀ kà á, nítorí òun ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Nínú lẹ́tà méjèèjì tí a gbà, ti ọkọ àti ti aya, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi wá léèrè nípa rẹ̀.

Nínú sítíárìn àwọn mọ́tò wọ̀nyí ni àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní airbag. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, àpò náà yóò wú jáde lójijì kí àyà awakọ̀ má baà lu irin. Ohun tí ń mú un wú ni kẹ́míkà kan nínú agolo irin kékeré. Iléeṣẹ́ Takata ti Japan ni ó ṣe ọ̀pọ̀ agolo náà fún àwọn oníṣẹ́ mọ́tò káàkiri ayé. Ó wá hàn pé bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá kẹ́míkà yẹn jà fún ọdún púpọ̀, ó ń bàjẹ́. Bí ó bá sì gbaná, ó ń jó ju bí ó ti yẹ lọ, agolo náà a fọ́, irin rẹ̀ a sì máa fò bí ọta ìbọn sí ojú àti ọrùn ẹni tí ó jókòó síwájú. Ó ti pa ènìyàn tí ó ju 25 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 agolo náà ni ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n yọ kúrò, Takata sì wọ gbèsè tí ó wó o lulẹ̀ ní 2017. CR-V tí wọ́n ṣe láti 2002 títí dé 2011 wà nínú ìwé àwọn mọ́tò tí wọ́n pè padà fún àtúnṣe náà.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ewu náà ti pọ̀ jù. Irú ojú ọjọ́ wo ni Enugu ní? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe àtúnṣe náà fún onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n mọ́tò tí ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó tàbí Kútọnu kí àṣẹ náà tó kàn án, ta ni ó ṣe é fún un? Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wà lójú pópó wa ni ó dé kí ọ̀rọ̀ náà tó tàn káàkiri.

Kí ọkọ má ṣe rẹ́rìn-ín sí aya rẹ̀ lórí èyí. RAV4 tirẹ̀ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2016, Toyota pe RAV4 tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ padà káàkiri ayé, àwọn ti 2006 sí 2012 wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan gan-an, irin ìjókòó ẹ̀yìn lè gé bẹ́líìtì tí ó so ẹni tí ó wà níbẹ̀ mú. Ìbòrí kékeré kan tí wọ́n fi bo ojú irin náà ni àtúnṣe rẹ̀, kò sì ṣòro. Ṣùgbọ́n ta ni ń jókòó lẹ́yìn? Ìyá àgbà ni, àwọn ọmọ sì ni. Wọ́n ń jà lórí iná iwájú àti àwọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì wo ibi tí ìyá yóò jókòó sí.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá wọ́n ti tún ti yín ṣe? Nọ́ńbà ṣáásì ni yóò sọ fún yín. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, ẹ óò rí i lára gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ẹ óò sì tún rí i lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Bí méjèèjì kò bá jọra, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Àmì kẹwàá nínú rẹ̀ ń sọ ọdún mọ́tò: 6 ni 2006, 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Ẹni tí ó bá pe RAV4 ti 2007 ní ti 2010 fún yín, àmì kan ṣoṣo yìí ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Fún mọ́tò tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín tẹ nọ́ńbà náà sí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò lójú pópó. Kò gba kọ́bọ̀. Yóò sọ fún yín bóyá iṣẹ́ kan kù tí wọn kò ì ṣe lára rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá kù, ẹ kọ̀wé sí aṣojú Toyota tàbí ti Honda ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú nọ́ńbà náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, àmì airbag gbọ́dọ̀ tàn lójú pátákó iwájú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó kú. Bí ó bá tàn tí kò kú, àìsàn wà. Bí kò bá tàn rárá, èyí burú jù: ó lè jẹ́ pé mọ́tò náà ti jáàmù rí, tí àpò náà ti bẹ́, tí ẹnìkan sì ti yọ iná náà kí ojú yín má baà rí i.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ dán ara rẹ̀ wò. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì sọ pé kí wọ́n má tan án kí ẹ tó dé. Mọ́tò tí ó ti gbóná dè yín, ó ní ohun tí ó ń bò. Láti New Haven, ẹ gba Ogbete lọ sí Milliken Hill, kí ẹ gun òkè náà dé Ngwo pẹ̀lú èrò mẹ́rin nínú rẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn. Òkè yẹn kì í purọ́. Bí gíà bá ń yọ̀, yóò yọ̀ níbẹ̀. Bí ómi bá ń hó, yóò hó níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń sọ̀kalẹ̀ tí bíréèkì ń gbọ̀n, ẹ ti rí ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos kò ní ṣe àwátì òkè. Ẹ wo táyà pẹ̀lú: òǹkà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tí ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bíi 2319 tí í ṣe ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ooru ọ̀nà Òkè Ọya kì í dárí ji táyà tí ó ti gbó.

Ẹ wo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà dáadáa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé. Mọ́tò tí ó gba ẹ̀yìn wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn lè dára bí ẹyin, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyá àgbà nínú rẹ̀.

A ti ń gbọ́ àwọn tí yóò wí pé àròjù ni gbogbo èyí, pé àwọn ti ń gun CR-V láti ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n. A dúpẹ́ bá wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan ni àpò náà ń ṣiṣẹ́; ẹni tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá kò lè jẹ́rìí fún un. Àwọn mìíràn yóò wí pé Toyota kì í dínwó bí a bá fẹ́ tà á. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í ra mọ́tò ẹbí nítorí ọjọ́ tí a óò tà á.

Ìdájọ́ wa nìyí. Bí ohun gbogbo bá dọ́gba, kí wọ́n ra RAV4 ti 2009 sí 2012 tí ó ní ẹ́ńjìnnì 2.5, kí wọ́n sì rí i dájú pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ bẹ́líìtì ẹ̀yìn rẹ̀. Gíà rẹ̀ rọrùn, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n pọ̀ lọ́nà, ewu inú rẹ̀ sì rọrùn láti wò. Ṣùgbọ́n bí aya bá rí CR-V ti 2010 tàbí 2011 tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ airbag rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì mọ́ ju RAV4 tí ọkọ rí lọ, kí ọkọ gbà láìjanpata, kí wọ́n ra CR-V. RAV4 ti 2006 sí 2008, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mẹ́káníìkì tiwọn ti yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìn gígùn. Bí ìwé méjèèjì bá sì ṣókùnkùn, kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà wọ́n. Owó tí ó wà lọ́wọ́ kò jẹrà.

Ó ku ohun tí ó kan ẹgbẹ́. A dá a lábàá pé kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí yóò máa kọ orúkọ àwọn mẹ́káníìkì tí ọmọ ẹgbẹ́ ti dán wò ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí ọ̀nà wa gbà kọjá. Kí olórí àjọ má ṣe gbé owó mọ́tò kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì mú àbájáde nọ́ńbà ṣáásì wá. Kí ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra mọ́tò fi ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́ìlì, táyà, bátìrì àti bíréèkì ti oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ná owó rẹ̀ tán sórí mọ́tò, ẹsẹ̀ ni yóò padà fi rìn.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí tọkọtaya New Haven wo ilé wọn, kí wọ́n wo ìyá tí yóò jókòó lẹ́yìn, kí wọ́n sì wo ọ̀nà tí ó wà láàárín Enugu àti Jos, àti èyí tí ó lọ sílé. Èyí tí ó bá lè gbé wọn lọ tí ó sì lè gbé wọn bọ̀ láyọ̀, òun ni kí wọ́n rà. Ọ̀nà á dára o.